Ẹ Sọ Owó Yín Kí Ìlù Tó Dún

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé gángan kọ́ èjìká, tí ẹ kò sí nínú báńdì kankan, tó jẹ́ pé ẹni tó bá pè yín lẹ ń bá lọ sóde, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀gá báńdì kan pè mí lọ́sàn-án Sátidé, ó ní ara onílù òun ò yá, kí n máa bọ̀ n'Íjẹ̀bú-Òde. Mo béèrè pé èló ni. Ó ní, "Àbúrò, ṣáà máa bọ̀, a ò ní jà." Mo wọkọ̀ láti Ìbàdàn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ la bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ti ń mọ́ ká tó dákẹ́. Mo fi ìlù ki àwọn ọmọ olóòkú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ki àna, mo ki èyí tó tòkè òkun dé. Owó ń já bọ́ lẹ́sẹ̀ mi, ọmọkùnrin kan ń ṣà á sínú àpò. Ohun tí ọ̀gá ká lé mi lọ́wọ́, nígbà tí mo yọ owó ọkọ̀ kúrò, kò tó mi í fi ra awọ ìlù. Inú bí mi gan-an, àmọ́ kí ni mo fẹ́ tọ́ka sí? A ò jọ ṣàdéhùn kankan.

Láti ìgbà náà, orí WhatsApp la ti ń parí ẹ̀: iye owó, wákàtí, ta ló máa san owó ọkọ̀, báwo la ṣe máa pín owó tí wọ́n bá ná. Ìdajì gbọ́dọ̀ wọlé kí n tó kúrò nílé. Ẹnì kan ní mo ti ń gbéra ga, kò pè mí mọ́. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Ẹ má sì gbójú lé owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ni níwájú orí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ti kà á léèwọ̀ tipẹ́, kò kàn sẹ́ni tó kà á sí. Ní 2024, EFCC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀, àwọn kan sì ṣẹ̀wọ̀n.

Ìgbà ò lọ bí òréré. Ní Disẹ́ńbà, mo lè lọ òde méjì lọ́jọ́ kan. Tí ààwẹ̀ bá dé, fóònù á dákẹ́. Ní 2025, inú oṣù kẹta ni Ràmàdáánì àti Lẹ́ńtì jọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ nílù àti ìlù tí mo ń tún ṣe ló bọ́ ilé mi. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó Disẹ́ńbà, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Èmi ò tọ́jú tèmi. Nígbà tí kòrónà ti gbogbo òde pa ní 2020, mo ta ìyáàlù mi láti fi ra oúnjẹ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lóde kan lọ́dún tó kọjá, lábẹ́ abíyá ẹlòmíràn. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó rí i.