Síkáàfù Inú Ooru

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ yunifọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ obìnrin tí ọkọ ń lù ni mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí àṣìṣe tèmi.

Ilé ìwòsàn kan ní Kubwa, l'Abuja, ni mo wà nígbà náà. Obìnrin kan wọlé, ará Ọ̀fà bíi tèmi, ó so síkáàfù mọ́ ọrùn nínú ooru oṣù kẹta, ohùn rẹ̀ ti há. Mo bi í pé kí ló ṣe é. Ọkọ tó dúró tì í ló dá mi lóhùn: "Ó ṣubú ní báluwẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì." Èmi náà kọ ọ́ sínú fáìlì pé ó ṣubú, mo fún un ní paracetamol. Mi ò ní kó tú síkáàfù. Báluwẹ̀ wo ló ń mú ohùn èèyàn há?

Nígbà tí wọ́n wá kó wa jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ kìíní gan-an lojú ti tì mí. Ohùn tó há, ẹ̀jẹ̀ nínú ẹyinjú, ọ̀fun tó ń dunni téèyàn bá gbé nǹkan mì: ó lè jẹ́ pé wọ́n fún un lọ́rùn ni, ó sì lè má sí àpá kankan níta. Obìnrin tí ọkọ ti fún lọ́rùn rí, ewu pé ó máa pa á lọ́jọ́ iwájú pọ̀ ju ti ẹni tí ọkọ kàn ń lù lọ. Ẹ béèrè ní tààrà: "Ṣé ó fún yín lọ́rùn?" Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kó lọ láìrí dókítà, kódà kó máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀fun lè wú lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa bi í ló le. Kì í ṣe lójú ọkọ, kì í sì í ṣe lójú ìyá ọkọ. Ìtọ̀ ni mo fi ń yọ wọ́n: "Màdáámù, ẹ wá fún wa ní ìtọ̀," màá sì bá a dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tó bá jẹ́ Hausa tàbí Gbagyi nìkan ló gbọ́, ẹ wá òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ. Ẹ má fi ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ògbufọ̀.

Tó bá ti ń sọ ọ́, ẹnu àwa Yorùbá kì í gbélé: "Ẹ ní sùúrù, ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́." Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Ẹ má sì pàṣẹ pé kó kó jáde lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbà tó bá fẹ́ lọ gan-an lewu máa ń pọ̀ jù. Ẹ bi í léèrè ibi tó lè sá sí àti ẹni tó lè pè. Bó ṣe sọ ọ́ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ibi tí àpá wà àti bó ṣe tóbi tó.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́pàá pé Penal Code, òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní ìhà àríwá àti l'Abuja, fàyè gba kí ọkọ bá aya wí. Lóòótọ́, ó wà ní abala 55. Ṣùgbọ́n òfin VAPP ọdún 2015, tó ka ìwà ipá sí èèyàn léèwọ̀, ti sọ lílu aya tàbí ọkọ ẹni di ẹ̀ṣẹ̀ ní Abuja, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 3, NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ló sì ń bójú tó o. Ẹ mọ̀ ọ́n sórí.

Obìnrin ará Ọ̀fà yẹn padà wá lẹ́yìn oṣù méjì, síkáàfù mìíràn lọ́rùn. Mo ní kó wá fún mi ní ìtọ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, kò bá mi wá lónìí," ó sì tú síkáàfù náà.