Ẹ Di Ìlẹ̀kùn Mú: Wíwa Ọkọ̀ Gba Gúúsù Íslándì Nígbà Òtútù

Ẹni tó bá ń múra láti wakọ̀ ní Íslándì nígbà òtútù, yìnyín ló máa ń bẹ̀rù. Afẹ́fẹ́ ló yẹ kó bẹ̀rù. Bí ẹ bá páàkì tí afẹ́fẹ́ ń ti ẹ̀yìn ọkọ̀ bọ̀, tí ẹnì kan wá ṣílẹ̀kùn láìdì í mú dáadáa: afẹ́fẹ́ á já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, á fà á kọjá ibi tó yẹ kó dúró, irin tó so ìlẹ̀kùn mọ́ ara ọkọ̀ á sì tẹ̀. Kò ní pa dé dáadáa mọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ìbánigbófò ọkọ̀ tí wọ́n ń háyà ló sì sọ ọ́ gbangba pé àwọn ò ní sanwó ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ bà jẹ́. Nítorí náà, imú ọkọ̀ ni kí ẹ kọ sí afẹ́fẹ́. Kí oníkálukú fi ọwọ́ méjèèjì di ìlẹ̀kùn tirẹ̀ mú, kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà Kìn-ín-ní ló yí erékùṣù náà po, nǹkan bíi kìlómítà 1,320. Ẹ má dán gbogbo rẹ̀ wò ní ọjọ́ márùn-ún nígbà òtútù. Ìhà gúúsù ti tó yín: láti Reykjavík dé Vík jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 187, láti Vík dé adágún Jökulsárlón jẹ́ bíi 190 mìíràn. Ẹ fi ọjọ́ méjì lọ, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lófìfo nínú ètò yín, torí wọ́n lè ti ọ̀nà. Ní ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ ní Reykjavík títí aago mọ́kànlá àárọ̀ á fi kọjá, nígbà tó bá sì di nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, ó ti wọ̀. Ìparí oṣù Kejì sí ìdajì oṣù Kẹta ló dára jù lójú tèmi. Ojúmọ́ ti gùn sí i, òru ṣì ṣókùnkùn tó láti rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó ń jó lójú ọ̀run, ẹ sì ṣì lè bá afinimọ̀nà wọ ihò abẹ́ òkè omi dídì Vatnajökull. Ẹ má dá wọ ihò yẹn láé.

Ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, bó tilẹ̀ ń gbé London, físà Schengen ló máa gbà. Ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì nìkan ò lè mú un wọlé.

Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pín iṣẹ́. Awakọ̀ méjì, kí orúkọ àwọn méjèèjì wà nínú ìwé háyà. Ẹnì kẹta ni alákòóso fóònù: òun ló ń wo vedur.is fún ojú ọjọ́ àti umferdin.is fún ipò ọ̀nà, kí ẹ tó gbéra àti ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti dúró. Nọ́ńbà afẹ́fẹ́ tó máa rí jẹ́ iye mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.6, ó di kìlómítà ní wákàtí: 20 jẹ́ 72. Tó bá ti tó 15, awakọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n lára gbọ́dọ̀ dín eré kù gan-an, pàápàá tí ọkọ̀ bá ga. Tó bá ti ń lọ sí 20, ẹ jókòó sílé. Ìpíndọ́gba sì ni nọ́ńbà yẹn o. Lẹ́bàá òkè, bíi lábẹ́ Eyjafjöll àti ní Öræfi, atẹ́gùn òjijì máa ń lágbára jù ú lọ fíìfíì. Ní ti ọ̀nà, ẹ há ọ̀rọ̀ mẹ́ta sórí: *hálka* ni pé ọ̀nà ń yọ̀, *flughálka* ni pé ó ń yọ̀ débi tí kò yẹ kí àlejò wakọ̀ lórí rẹ̀, *lokað* ni pé wọ́n ti tì í. Bí ẹ bá rí ọ̀pá ìdènà lójú ọ̀nà, ẹ má gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà dára, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ó máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra. Kì í jẹ́ kó dúró. Taya ló ń dá ọkọ̀ dúró, nítorí náà ẹ béèrè taya tí wọ́n kan ìṣó kéékèèké mọ́ lára, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ fọwọ́ kan orí ìṣó náà kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Òfin ní kí iná ọkọ̀ wà ní títàn tọ̀sán-tòru. Ẹ yí i síbi tí iná ẹ̀yìn náà á ti tàn, torí iná ọ̀sán inú ọkọ̀ mìíràn kì í tan ti ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí epo dín sí ìdajì táǹkì. Ilé epo wà ní Vík, Kirkjubæjarklaustur, Freysnes àti Höfn, àmọ́ níbi tí kò bá sí òṣìṣẹ́, ẹ̀rọ ò ní ta epo fún káàdì tí kò ní nọ́ńbà àṣírí.

Ohun tó ń ṣe àlejò ní kàyéfì ni pé òtútù gúúsù náà ò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò. Ó sábà máa ń wà nítòsí òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà: òjò rọ̀ lọ́sàn-án, ó dì lálẹ́, ọ̀dà dúdú ń dán bí ẹni pé omi lásán ló wà lórí rẹ̀. Ẹ wo taya ọkọ̀ tó wà níwájú yín. Bí ó bá ń ta omi sókè, omi ni. Bí ojú ọ̀nà ṣì ń dán, tí taya ò ta nǹkan kan sókè mọ́, omi ti dì nìyẹn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo díẹ̀díẹ̀, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì, ẹ má sì yí ọwọ́ ọkọ̀ gbì. Bí ìdí ọkọ̀ bá ń yọ̀ lọ sọ́tùn-ún, ẹ rọra yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún. Orí afárá ló máa ń kọ́kọ́ dì, torí atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì *einbreið brú*, afárá ọkọ̀ kan ṣoṣo ni: ẹ dín eré kù láti òkèèrè, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ń kọjá.

Láàárín Vík àti Skaftafell, iyanrìn dúdú ni ẹ máa gbà kọjá. Afẹ́fẹ́ líle máa ń gbé iyanrìn Mýrdalssandur lu ọkọ̀ títí á fi họ ọ̀dà ara rẹ̀, tó sì ń sọ gíláàsì di bàìbàì. Skeiðarársandur ni apá tó kẹ́yìn nínú Ọ̀nà Kìn-ín-ní. Ọdún 1974 ni wọ́n parí afárá rẹ̀ tí ọ̀nà náà fi yí erékùṣù po tán. Ní 1996, iná òkè bú jáde lábẹ́ Vatnajökull, omídídì yọ́, àgbàrá rẹ̀ sì gbé afárá lọ. Irin ńlá tó lọ́ bí okùn ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà nítòsí Skaftafell. Ibi ìgbọ́kọ̀sí wà níbẹ̀, ẹ dúró wò ó.

Ní etíkun Reynisfjara, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí òkun. Ìgbì kéékèèké á máa bọ̀, lẹ́yìn náà ìgbì kan ṣoṣo á sáré wọ inú iyanrìn débi tí ẹnikẹ́ni ò retí, á sì wọ́ èèyàn lọ. Ó ti pa àlejò.

Bí yìnyín bá há ọkọ̀ mọ́, ẹ pe 112, kí gbogbo yín dúró sínú ọkọ̀. Ẹ fi ṣọ́bìrì gbẹ́ yìnyín kúrò lẹ́nu páìpù èéfín kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, torí èéfín á padà wọlé bá yín, gáàsì olóró inú rẹ̀ ò sì ní òórùn tí ẹ lè gbọ́. Ẹ ṣí wíńdò díẹ̀. Aṣọ onírun àgùntàn ni kí ẹ wọ̀ mọ́ ara. Òwú tó bá ti tutù ń fa ooru ara jáde ni.

Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹ má sùn sí Vík. Òkè Hellisheiði, tó wà láàárín Selfoss àti Reykjavík, wà lára ibi tí wọ́n máa ń tì nígbà ìjì. Ẹ sùn sí Keflavík, níbi tí pápákọ̀ òfurufú wà. Agbègbè Reykjanes nìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń fi ooru abẹ́ ilẹ̀ gbẹ orí ẹja kọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó wá sí Nàìjíríà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ náà ò gbẹ̀rọ̀: ẹ ṣì di ìlẹ̀kùn mú nígbà tí ẹ bá ń dá ọkọ̀ padà.