Omi tí a ń fà símú, ẹ sè é

Tí ọyẹ́ bá ti dé, imú mi kì í gbádùn. Dókítà ló ní kí n máa fi omi iyọ̀ ṣàn án, ó sì ń bá mi ṣe é gan-an. Lọ́jọ́ tí mo lọ ra ike tí wọ́n fi ń ṣàn án, obìnrin tó ń ta oògùn pè mí padà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi omi ẹ̀rọ ṣe é o, àfi tí ẹ bá sè é." Mo ní ṣebí omi yẹn náà ni mò ń mu. Ó ní, "Ẹnu kọ́ ló ń bà jẹ́, imú ni."

Mo wádìí rẹ̀. Amíbà kan, kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní Naegleria fowleri ni. Inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló fẹ́ràn, adágún àti odò, kódà omi tó gbóná dé 46 lórí Celsius. Ẹni tó bá mu ún, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Tó bá gba imú wọlé, iṣan tí a fi ń gbóòórùn ló máa bá gòkè dé ọpọlọ. Ó ṣọ̀wọ́n lóòótọ́: ènìyàn 164 ni Amẹ́ríkà kà láti 1962 sí 2023. Ṣùgbọ́n 4 péré ló yè.

Ní Louisiana ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011, ẹni méjì kú nítorí pé wọ́n fi omi ẹ̀rọ ilé ṣan imú. Ní ìlú Karachi ní Pakistan, ọ̀pọ̀ àwọn tó mú kò lúwẹ̀ẹ́ rárá. Àlùwàlá, tí a ti ń fa omi símú, ni wọ́n fura sí. Mùsùlùmí ni mí, ibẹ̀ ló ti kàn mí jù. Táǹkì dúdú tó wà lókè ilé wa, tí oòrùn oṣù Kẹta bá pa á, ẹ ó rò pé wọ́n gbé omi rẹ̀ kaná ni.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi àlùwàlá sílẹ̀ o. Ti imú nìkan ni mo yà sọ́tọ̀, ife kan ti tó. Mo máa ń jẹ́ kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, màá sì bò ó kó tutù. Pure water náà, mo ń sè é. Ẹni tí kò bá rí omi sè, kó má fà á wọnú lọ jìnnà. Ṣebí bí a ti ń ṣe nìyẹn tí a bá ń gbààwẹ̀.

Tí orí fífọ́, ibà, èébì àti ọrùn líle bá mú ènìyàn láàárín ọjọ́ 12 tí omi wọ̀ ọ́ nímú, ẹ má dúró nílé. Ó jọ yírùnyírùn, dókítà sì lè má bèèrè ọ̀rọ̀ omi. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́ fún un.