Àkàbà Méjì Tí Ará Òkèèrè Ń Gùn Pọ̀

Bí wọ́n bá bi ẹni tó ń gbé lókè òkun pé ṣé inú rẹ̀ ń dùn, ìdáhùn a máa há sí i lọ́fun. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀kan yẹn: báwo ni ayé mi ṣe rí, àti báwo ni àná ṣe lọ? Ìwé ìgbélùú àti owó oṣù lè tún ti àkọ́kọ́ ṣe, kí ìdánìkanwà sì ba ìkejì jẹ́.

Àkàbà tí Hadley Cantril, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá, gbé jáde ní 1965 ni wọ́n fi ń wọn ti àkọ́kọ́, òun náà ni World Happiness Report, ìròyìn ọdọọdún nípa ayọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè, ń lò. 0 ni ìsàlẹ̀, ìyẹn ayé tó lè burú jù fún yín. 10 ni òkè, èyí tó lè dára jù. Ipele wo lẹ wà?

Ibi tí ará òkèèrè ti ń ṣìnà nìyí. Bó bá fi ara rẹ̀ wé àwọn tó fi sílẹ̀ nílé, ó wà ní 8. Bó bá fi wé ọmọ onílùú tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó já sí 5. Kò sí irọ́ nínú méjèèjì. Àmọ́ bó bá lo ti ilé lóṣù yìí, tó lo ti ọmọ onílùú lóṣù tó ń bọ̀, á rò pé ayé òun ti bàjẹ́. Ẹ kọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní ọjọ́ àti aago kan náà lọ́sẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ kété tí ẹ bá gbé fóònù ilé sílẹ̀.

Fún àná, ọ̀nà tí Daniel Kahneman, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò ní 2004 ló dára jù lójú mi. Ẹ pín ọjọ́ náà sí ìpín-ìpín, láti ìgbà tí ẹ jí títí ẹ fi sùn. Ẹ kọ aago, ohun tí ẹ ń ṣe, ẹni tó wà lọ́dọ̀ yín, kí ẹ wá fún inú dídùn àti àárẹ̀ ní máàkì láti 0 dé 6. Ẹ má fo ìrìn ojú ọ̀nà: nínú ìwádìí wọn, tí wọ́n fi obìnrin òṣìṣẹ́ 909 ṣe ní Texas, ìrìn àárọ̀ lọ síbi iṣẹ́ wà lára ohun tó gba máàkì ayọ̀ tó kéré jù. Bí ẹ bá rí i pé ẹ dá wà fún wákàtí 10 nínú 16 tí ẹ fi lajú, àfikún owó oṣù kò ní wo ìyẹn sàn.

Ìtẹ́lọ́rùn tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀. Edward Deci àti Richard Ryan, àwọn náà onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá, ka ohun mẹ́ta tí ọkàn ń wá: àṣẹ lórí ara ẹni, mímọ nǹkan ṣe, àti àjọṣe. Èyí àárín ló sábà máa ń sọnù fún ẹni tí wọn kò gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wọlé. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má dúró de ìwé tuntun kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́ tó kọ́. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀, bí kò tilẹ̀ mówó wá, tó láti fi bẹ̀rẹ̀.