Sítáǹbù Íńdíà Ayé Ọba George Karùn-ún: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé

Àwọn sítáǹbù páì mẹ́ta aláwọ̀ eérú ni mo ń tò lọ́wọ́, lára ọ̀wọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1911. (Owó Íńdíà ayé ìgbà yẹn ni páì àti ánà; páì 12 ló wà nínú ánà kan.) Ilé ìtẹ̀wé De La Rue ní Lọ́ńdọ̀n ló tẹ̀ wọ́n, àwọn kan náà tó tẹ sítáǹbù Nàìjíríà ti 1914.

Ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ ń wò. Mo máa ń da ọ̀kọ̀ọ̀kan dojú bolẹ̀ sínú àwo dúdú, kí n kán epo láítà díẹ̀ sí i, kí ìràwọ̀ inú bébà lè yọ, ìyẹn àmì tí wọ́n ṣe mọ́ bébà náà fúnra rẹ̀. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo, ti Lọ́ńdọ̀n nìyẹn. Bí ìràwọ̀ bá pọ̀ káàkiri, ti ìlú Nasik ni, níbi tí Íńdíà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ tirẹ̀ ní 1926.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ku ọ̀rọ̀ àwọ̀, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi. Èèyàn ò lè mọ irú eérú tí ọ̀kan jẹ́ láìjẹ́ pé ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù, nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ. Mo gé ihò méjì sára páálí funfun, mo gbé e lé wọn lórí, nítorí òǹtẹ̀ dúdú ilé ìfìwéránṣẹ́ máa ń mú kí àwọ̀ dúdú ju bó ṣe jẹ́ lọ. Ọ̀kan rẹ́súrẹ́sú, ọ̀kan ń fà sí búlúù, òmíràn sì ń fà sí àwọ̀ èsè àlùkò.

Nínú ti ánà kan, tádà pupa fòò kan wà tó máa ń wọnú bébà. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí pupa náà lẹ́yìn. Ẹ má fi í sómi o, á ṣí.

Ánà kan pupa yìí náà ni wọ́n tẹ NINE PIES (páì mẹ́sàn-án) lé lórí ní 1921. Èyí tí gbogbo wa ń wá ni èyí tó ka NINE NINE tàbí PIES PIES, tí ọ̀rọ̀ kan lọ gba àyè èkejì. Mi ò tíì ní in. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ náà kàn sún sókè ni. Àwọn kan á pe ìyẹn ní àṣìṣe. Lójú tèmi, ó kàn yẹ̀ díẹ̀ ni.

Ti ánà mẹ́rin 1854, tí orí Ọbabìnrin Victoria dojú kodò, kọjá agbára àpò mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn bó ṣe ṣẹlẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tẹ bébà náà ní Calcutta, pupa fún etí, búlúù fún orí. Ìwé tí wọ́n bá dà kodò láàárín méjèèjì, orí ibẹ̀ á dojú kodò.

Ìdajì ánà aláwọ̀ ewé ló kàn. Mo ti yọ ti Lọ́ńdọ̀n àti ti Nasik sọ́tọ̀ sínú àpòòwé.