Àwo Ìpápánu Kan fún Àlejò Onírúurú

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní òkèèrè, mi ò tíì gba àlejò tí gbogbo wọn ń jẹ ohun kan náà. Ẹnì kan kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, ẹlòmíràn kì í fẹ́ ẹran rárá, wàrà a máa da inú ẹni kẹta rú, ẹ̀pà díẹ̀ sì lè sọ ẹni kẹrin dèrò ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ ara wọn rí kí wọ́n tó pàdé nílé mi. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn àwo ìpápánu ńlá kan láàárín tábìlì: oníkálukú á mú ohun tó bá a lára mu, kò sì sẹ́ni tí yóò máa ṣàlàyé ara rẹ̀.

Kí n tó ra ohunkóhun, mo máa ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọn kì í jẹ. Ẹ̀pà àti kaṣú kì í wọ àwo ńlá mi. Abọ́ tiwọn wà lọ́tọ̀, pẹ̀lú ṣíbí tiwọn.

Tó bá di ọ̀rọ̀ títò, abọ́ kéékèèké tí mo bu oyin, yógọ́ọ̀tì tàbí ólífì sí ló ń kọ́kọ́ wọlé, mo sì máa ń fi wọ́n jìnnà síra kí èrò má baà rọ́ síbi kan. Wàràkàṣì ló tẹ̀ lé e, ọ̀kan tó rọ̀, ọ̀kan tó le. Ẹ yọ ọ́ nínú fíríìjì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ṣáájú, torí òtútù kì í jẹ́ kí adùn rẹ̀ jáde. Ẹ gé díẹ̀ sílẹ̀ lára èyí tó le. Ojú máa ń ti àlejò láti kọ́kọ́ ti ọ̀bẹ bọ odindi.

Gígé gan-an ni ẹwà àwo yìí. Ẹ mú kùkúmbà, ẹ fi ọ̀bẹ gé e lóròó ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ ká a bí ẹní, kí ẹ sì fi igi ìtayín gún un kó má tú. Ẹ gé kárọ́ọ̀tì àti tàtàṣé tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí pupa sùn ti pupa. Ápù tí a gé máa ń dúdú bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, ṣùgbọ́n omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fi pa á lára kì í jẹ́ kó tètè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 bá wà níbẹ̀, ẹ má gbé èso àjàrà síwájú rẹ̀ lódindi. Ẹ là á sí mẹ́rin lóròó. Odindi rẹ̀ lè há a lọ́fun, kó sì dí èémí rẹ̀.

Bisikíìtì oníyọ̀ ló ń wọlé kẹ́yìn, nígbà tí àlejò bá ti ń dé, torí omi ara èso máa ń sọ ọ́ di rírọ̀. Ti ẹni tí kì í jẹ àlìkámà, èyí tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe, máa ń wà nínú abọ́ tirẹ̀.

Ìdajì ohun tí mo gé kì í kúrò nínú fíríìjì lákọ̀ọ́kọ́, òun ni mo fi ń dí àyè tó bá ṣófo. Wàràkàṣì, ẹran tàbí èso gígé tó bá ti lo ju wákàtí 2 lọ lórí tábìlì, mo máa ń kó o dànù ni. Bí ooru bá mú gan-an, wákàtí 1 ti tó. Ó máa ń dùn mí láti da oúnjẹ nù, ṣùgbọ́n kí inú máa run àlejò mi yóò dùn mí ju bẹ́ẹ̀ lọ.