Ohun tí n kò jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀

Ní ọ̀sán àná, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ béèrè ẹni tó yí iye owó inú ìwé ìbéèrè ẹ̀yáwó kan padà, n kò sì rí èsì kankan fún wọn. Orí Camunda 7, ẹ̀rọ sọ́fítíwià tó ń darí iṣẹ́ láti ìgbésẹ̀ kan dé òmíràn, ni a gbé ètò ẹ̀yáwó náà kà. Èmi fúnra mi ni mo yan ìpele ìtàn (bí àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣe ṣe máa pọ̀ tó) tí wọ́n ń pè ní ACTIVITY, nítorí mo rò pé àkọsílẹ̀ púpọ̀ yóò mú kí dátábéèsì wú ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ìpele yẹn, ẹ̀rọ máa ń kọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àmọ́ kì í kọ ìyípadà tó bá dé bá iye owó sílẹ̀. Ìpele AUDIT ló ń pa iye tó kẹ́yìn mọ́, ìpele FULL ló sì ń tọ́jú gbogbo ìyípadà pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ohun tí òṣìṣẹ́ ṣe.

Mo yí i sí FULL, mo tún ẹ̀rọ tàn, ó sì kọ̀ jálẹ̀, ó ní ohun tí mo kọ kò bá ti inú dátábéèsì mu. (Ẹ̀rọ rántí ju èmi lọ!) Àfi ìgbà tí mo wọ inú tábìlì ACT_GE_PROPERTY nínú dátábéèsì náà, tí mo sọ 1 (ìyẹn ACTIVITY) tó wà níwájú historyLevel di 3 (ìyẹn FULL), kí ó tó gbà láti dìde. Ìyípadà òní ti ń hàn báyìí. Ti ẹ̀yáwó ọjọ́sí ni kò sí ibi tí a ti lè wá a mọ́, mo sì ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá wa.